Bí Àwọn Rìsẹ́pítọ̀ Akóníjàánu Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ọpọlọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni à ń pè ní rìsẹ́pítọ̀ akóníjàánu, kí sì ni ọpọlọ ń fi í ṣe?

Níbi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ méjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ kẹ́míkà, wọn kì í fara kan ara wọn. Àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn, inú àlàfo náà sì ni sẹ́ẹ̀lì kìíní máa ń tú kẹ́míkà sí láti fi jíṣẹ́ fún èkejì. Purotéènì tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì kejì, tí kẹ́míkà ońjíṣẹ́ yìí máa ń lọ so mọ́, ni rìsẹ́pítọ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí ońjíṣẹ́ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, sẹ́ẹ̀lì náà á túbọ̀ múra tán láti rán àmì iná jáde. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí ońjíṣẹ́ tiwọn bá dé, ṣe ni yóò túbọ̀ ṣòro fún sẹ́ẹ̀lì náà láti rán àmì kankan. Àwọn tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí ni akóníjàánu.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ìkóníjàánu ń ṣe kò ju pé kó mú ọpọlọ sùn tàbí kó mú un rọlẹ̀ lọ. Èrò yìí kéré sí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nínú èèpo òde ọpọlọ àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú, bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn sẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó àwọn yòókù níjàánu, púpọ̀ nínú wọn ni kì í sì í sinmi rárá. Àwọn kan tilẹ̀ wà nínú wọn tó ń rán àmì iná jáde léraléra ju àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń ṣọ́ lọ. Àwọn ló ń pinnu ìṣẹ́jú àáyá, àní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí sẹ́ẹ̀lì kan láǹfààní láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá ká apá yín kò, àṣẹ tó ní kí iṣan iwájú apá fà náà ló ń gba ọ̀nà mìíràn lọ dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan ẹ̀yìn apá dúró, kí iṣan méjèèjì má bàa máa bá ara wọn jà. Ìgbì iná tó ń lọ sókè sódò nínú ọpọlọ ní bí ìgbà 30 sí 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó máa ń fara hàn nígbà tí a bá fọkàn sí nǹkan, kò lè wáyé bí kò bá sí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Láìsí ìjánu, ọpọlọ kò ní yára ronú ju bó ṣe ń ronú lọ. Gìrì ni yóò mú un.

Àwọn kẹ́míkà wo ló ń jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Méjì ló ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni GABA, tó gbòde nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Èkejì ni glycine, tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú ọ̀pá ẹ̀yìn àti nínú ìdí ọpọlọ níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ọdún 1950 ni Eugene Roberts àti Sam Frankel kéde pé àwọn rí GABA nínú ọpọlọ eku, Jorge Awapara náà sì rí i lọ́dún kan náà láìsí pé wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ pọ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà. Ernst Florey ti ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ lórí omi kan tó fà yọ láti inú ọpọlọ ẹran, èyí tó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ̀ bí iṣan ṣe ń nà lára ẹranko omi kan tó jọ edé dúró, àmọ́ kò tíì mọ ohun tó wà nínú omi náà. Ní 1957, òun pẹ̀lú Bazemore àti Elliott ní Montreal fi hàn pé GABA ni ohun tó ní agbára náà nínú rẹ̀. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó tó bí ọdún mẹ́wàá sí i kí àwọn onímọ̀ tó gbà tọkàntọkàn pé ońjíṣẹ́ ni GABA, pàápàá lẹ́yìn tí Krešimir Krnjević àti Susan Schwartz ti fi GABA kan àwọn sẹ́ẹ̀lì nínú èèpo òde ọpọlọ ológbò tí wọ́n sì rí i pé ohun tó ṣe fún wọn bá ti ìkóníjàánu àdánidá mu. Ní ti glycine, Aprison àti Werman ni wọ́n kọ́kọ́ dábàá ní 1965 pé ońjíṣẹ́ ni nínú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Báwo ni rìsẹ́pítọ̀ GABA-A ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

GABA-A ni ọ̀kan nínú oríṣi rìsẹ́pítọ̀ méjì tí GABA ń so mọ́; a óò sọ̀rọ̀ nípa èkejì, GABA-B, nísàlẹ̀. Ẹ̀ka purotéènì márùn-ún ló pagbo yí ihò kan ká, ihò náà sì la awọ sẹ́ẹ̀lì já láti ìta dé inú. Oríṣi ẹ̀ka 19 ni a mọ̀ nínú ara àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú: alpha mẹ́fà, beta mẹ́ta, gamma mẹ́ta, rho mẹ́ta, àti delta, epsilon, theta pẹ̀lú pi tó jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún péré ni rìsẹ́pítọ̀ kan lè kó jọ nínú wọn, àkójọ tó sì wọ́pọ̀ jù nínú ọpọlọ ni alpha1 méjì, beta2 méjì àti gamma2 kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àkójọ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tí a óò sọ nípa oògùn nísàlẹ̀.

Ààrin beta àti alpha, ní apá tó yọ sí ìta sẹ́ẹ̀lì, ni GABA máa ń wọ̀ sí. Irú ibẹ̀ jẹ́ méjì lára rìsẹ́pítọ̀ kan. Bí GABA bá ti wọ ibi méjèèjì, gbogbo agbo náà á yí díẹ̀, ihò àárín á sì ṣí láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tàbí méjì. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ihò yìí ń jẹ́ kó kọjá. Kilóráìdì, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀ tí à ń jẹ, ló ń gbà á kọjá jù, ó sì ní iná òdì lára.

Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ti dàgbà ṣe tò ni pé kilóráìdì tó wà níta wọn pọ̀ fíìfíì ju ti inú lọ: níta, ó lé ní mílímólà 100, nínú, kò ju bí 5 sí 10 lọ. Fóltéèjì inú sẹ́ẹ̀lì náà tó ń sinmi wà ní nǹkan bíi mílífóltì 70 sísàlẹ̀ òdo, ó sì gbọ́dọ̀ gòkè dé bí 55 sísàlẹ̀ òdo kó tó lè rán àmì iná. Nígbà tí ihò GABA-A bá ṣí, kilóráìdì á rọ́ wọlé pẹ̀lú iná òdì rẹ̀, yóò sì fa fóltéèjì sẹ́ẹ̀lì náà padà sí ìsàlẹ̀, tàbí kó dè é mọ́ ibi tó wà. Ohun yòówù tí àwọn ońjíṣẹ́ mìíràn ìbáà máa ṣe láti gbé e sókè, yóò ṣòro fún wọn.

Lẹ́yìn èyí, àwọn purotéènì kan tó ń gbé GABA á kó o kúrò nínú àlàfo náà padà sínú sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ á sì parí.

Ṣé dandan ni kí fóltéèjì lọ sílẹ̀ kí ìkóníjàánu tó wáyé?

Rárá o, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìwé tó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú ti ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Nínú sẹ́ẹ̀lì púpọ̀, ibi tí kilóráìdì ń fẹ́ kí fóltéèjì wà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tó wà tẹ́lẹ̀ dọ́gba, débi pé bí ihò bá ṣí, ẹ kò ní rí ìyípadà kankan lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wo fóltéèjì. Síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì náà ti wà lábẹ́ ìjánu. Ìdí ni pé ihò tó ṣí sílẹ̀ ti sọ awọ sẹ́ẹ̀lì di ohun tó ń jò, bí ìgbà tí ènìyàn ń pọn omi sínú agbè tó ti lu: omi ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ agbè kò kún. Iná tí àwọn ońjíṣẹ́ amúniṣiṣẹ́ ń tú sínú sẹ́ẹ̀lì á gba ibẹ̀ ṣòfò kó tó dé ibi tí àmì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ihò náà wà lára sẹ́ẹ̀lì ṣe pàtàkì gan-an. Rìsẹ́pítọ̀ tó wà lórí ẹ̀ka kékeré kan tó yọ lára sẹ́ẹ̀lì bí ẹ̀ka igi lè pa ẹnu ẹ̀ka yẹn nìkan mọ́, kí àwọn ẹ̀ka yòókù máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Èyí tó wà ní ìdí okùn gígùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rán àmì jáde, níbi tí àmì iná ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, lè pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣé òtítọ́ ni pé GABA kì í kóni níjàánu nínú ọpọlọ ọmọ tuntun?

Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó wuni jù nínú ìmọ̀ yìí. Rìsẹ́pítọ̀ GABA-A kò mọ̀ bóyá òun ń dáni dúró tàbí òun ń múni ṣiṣẹ́; ihò lásán ló ń ṣí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kilóráìdì inú àti ti ìta ló ń pinnu ohun tí yóò tìdí rẹ̀ yọ. Purotéènì méjì ló sì ń ṣètò ìyàtọ̀ yìí: NKCC1 ń kó kilóráìdì wọlé, KCC2 ń kó o jáde.

Nínú ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, NKCC1 ló lágbára, KCC2 kò tíì pọ̀. Kilóráìdì wá kún inú sẹ́ẹ̀lì, bí ihò GABA-A bá sì ṣí, ìta ni ó ń sá lọ, fóltéèjì á sì gòkè. Yehezkel Ben-Ari àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣàlàyé èyí ní 1989 lára ọmọ eku. Ìgòkè yìí kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀dá. Ó ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́, kálísíọ̀mù yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń na ẹ̀ka tí wọ́n sì fi ń wá ẹnìkejì wọn rí. Lára ọmọ eku, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni KCC2 ń pọ̀ sí i tí nǹkan á fi yí padà. A sì ti rí i lára eku pé nígbà ìrọbí, oxytocin tó ń ti ara ìyá wá máa ń dín kilóráìdì inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ kù fún ìgbà díẹ̀, tí GABA á sì di akóníjàánu ní àkókò ìbí náà. Kí kẹ́míkà tó ń fún ilé ọmọ pọ̀ kí ọmọ lè jáde tún jẹ́ èyí tó ń mú ọpọlọ ọmọ náà rọlẹ̀ nígbà tó ń la ọ̀nà tóóró kọjá, ohun àgbàyanu ni lójú mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ìwòsàn. Ó wà lára àlàyé tí a ń ṣe nípa ìdí tí oògùn gìrì phenobarbital, tó jẹ́ pé GABA-A ló ń ràn lọ́wọ́, kì í fi í ṣiṣẹ́ dáadáa tó lára àwọn ọmọ ìkókó kan tí gìrì mú.

Kí ni ìyàtọ̀ GABA-B sí GABA-A?

GABA kan náà ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n GABA-B kò ní ihò rárá. Ní 1980, Norman Bowery àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní London rí i pé oògùn baclofen ń dín ońjíṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde kù nípasẹ̀ rìsẹ́pítọ̀ GABA kan tí bicuculline, májèlé tó ń dí GABA-A, kò lè dí. Rìsẹ́pítọ̀ yìí ni a wá mọ̀ sí GABA-B. Purotéènì méjì ló so pọ̀ di ọ̀kan: B1 ń gba GABA mú, B2 ń gbé ìròyìn náà fún purotéènì G tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Èyíkéyìí nínú wọn kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe nìkan.

Purotéènì G yìí á pín sí méjì, apá kan nínú rẹ̀ á lọ ṣí àwọn ihò tí pọtásíọ̀mù ń gbà jáde, á sì ti àwọn ihò tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé. Nítorí pé ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ náà ń gbà, kì í tètè bẹ̀rẹ̀, kì í sì í tètè parí. Ó lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ GABA-B ló sì wà ní ẹnu sẹ́ẹ̀lì tó ń tú ońjíṣẹ́ jáde fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń sọ fún un pé èyí tó tú tó. Baclofen ni àwọn dókítà ń lò fún àwọn tí iṣan ara wọn le gbagidi lẹ́yìn ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn.

Kí ni iṣẹ́ rìsẹ́pítọ̀ glycine?

Ẹbí kan náà ni òun àti GABA-A: ẹ̀ka márùn-ún yí ihò kilóráìdì ká. Ibi tí a ti ń rí i pọ̀ jù ni ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tó ti ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan ara níjàánu.

Ohun tó dára jù láti fi mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí. Májèlé strychnine máa ń dí i, ara ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ á le gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, ariwo díẹ̀ á sì mú gbogbo ara rẹ̀ fà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kedere. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú àbùdá GLRA1, èyí tó ń ṣe ẹ̀ka kan lára rìsẹ́pítọ̀ yìí. Bí nǹkan bá já wọn láyà lójijì, ara wọn á gan pátápátá. Ọdún 1993 ni a mọ àbùkù náà.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì tún jọ ọ́, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Kì í ṣe rìsẹ́pítọ̀ ni májèlé rẹ̀ ń bà jẹ́. Ó máa ń gba inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan gòkè lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, yóò kọjá sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì akóníjàánu, yóò sì gé purotéènì tí wọ́n fi ń tú glycine àti GABA jáde. Rìsẹ́pítọ̀ wà níbẹ̀ láìsí àbùkù, ṣùgbọ́n ońjíṣẹ́ kò wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí àgbọ̀n fi ń há, tí gbogbo ara sì ń gan. Ọmọ tuntun tí wọ́n fi abẹ ẹlẹ́gbin gé ìwọ́ rẹ̀ lè kó o, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìyá gbà nínú oyún sì ni ààbò rẹ̀.

Ṣé ibi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé nìkan ni àwọn rìsẹ́pítọ̀ yìí wà?

Rárá. Àwọn GABA-A kan wà lẹ́yìn odi ibi ìpàdé náà, pàápàá àwọn tó ní ẹ̀ka delta. Wọ́n máa ń gbọ́ ìwọ̀nba GABA tó kù sílẹ̀ nínú omi tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, wọ́n sì ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ohun kan tó ń ti ara progesterone, họ́mónù obìnrin kan, jáde, allopregnanolone, máa ń fún wọn lágbára púpọ̀. Ó máa ń pọ̀ nínú oyún, á sì já wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn ìbí. Èyí ló mú kí wọ́n ṣe é ní oògùn fún ìbànújẹ́ ọkàn tó ń bá àwọn ìyá kan lẹ́yìn ìbímọ: wọ́n fọwọ́ sí brexanolone ní Amẹ́ríkà ní 2019, wọ́n sì fọwọ́ sí zuranolone, tó jẹ́ oníhóró, ní 2023. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ fún abiyamọ tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì pé ìwà ọ̀lẹ ni mọ èyí.

Báwo ni diazepam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹbí benzodiazepine ni diazepam, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Valium. Leo Sternbach ló ṣe èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, Librium, tó dé ọjà ní 1960. Valium tẹ̀ lé e ní 1963. Ààrin alpha àti gamma ni wọ́n ń wọ̀ sí lára GABA-A, kì í ṣe ibi tí GABA ń wọ̀ sí. Wọn kì í ṣí ihò náà fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé GABA tó bá wà níbẹ̀ á túbọ̀ dì í mú, ihò náà á sì máa ṣí lemọ́lemọ́. Bí kò bá sí GABA, wọn kò ní nǹkan ṣe. Àwọn oògùn ìran barbiturate bíi phenobarbital yàtọ̀ sí wọn: wọ́n ń mú kí ihò tó ti ṣí pẹ́ kó tó tì, bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, wọ́n á ṣí i fúnra wọn láìdúró de GABA. Ìdí nìyẹn tí àpọ̀jù barbiturate fi ń pa ènìyàn ní kíá ju àpọ̀jù diazepam nìkan lọ. Ẹni tó bá wá da diazepam pọ̀ mọ́ ọtí tàbí oògùn ìrora ìran opioid ti wọ inú ewu ńlá, nítorí èémí rẹ̀ lè dúró.

Àwọn onímọ̀ ní Zurich ṣe iṣẹ́ kan tó gbayì. Wọ́n pààrọ̀ ẹyọ amino acid (èròjà tí a fi ń kọ́ purotéènì) kan ṣoṣo lára alpha1 àwọn eku, tí diazepam kò fi lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku náà ní diazepam, kò kùn wọ́n lóorun bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń mú ìbẹ̀rù wọn rọlẹ̀. Wọ́n ṣe bákan náà sí alpha2, ìbẹ̀rù kò sì rọlẹ̀ mọ́. Báyìí ni ó ṣe hàn ní 1999 àti 2000 pé oorun àti ìfọ̀kànbalẹ̀, tí oògùn kan ṣoṣo ń fà, ń gba ara ẹ̀ka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé kí a má ṣe jẹ́ kí gìrì pẹ́ kí a tó wá ìtọ́jú?

Nítorí pé rìsẹ́pítọ̀ náà kì í dúró sójú kan. Bí gìrì bá ń lọ láìdáwọ́ dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa GABA-A wọn kúrò lójú awọ wọnú ara wọn, rìsẹ́pítọ̀ ońjíṣẹ́ amúniṣiṣẹ́ á sì máa pọ̀ sí i lójú awọ. Ìṣẹ́jú tó ń kọjá lọ ń sọ diazepam di aláìlágbára, nítorí pé ibi tí yóò wọ̀ sí kò sí níta mọ́. Oògùn tí ìbá dá gìrì dúró ní ìṣẹ́jú kẹwàá lè má rí nǹkan kan ṣe lẹ́yìn wákàtí kan. Bí gìrì bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, pàjáwìrì ni.

Mo fẹ́ sọ èyí fún àwọn òbí ní gbangba. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fún un ní ohunkóhun mu títí yóò fi jí dáadáa. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí a fi ewé tábà sí, tí àwọn ìyá wa ń lò fún gìrì ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́, ti ṣe ọmọ púpọ̀ ní jàǹbá: ó lè dá èémí dúró, ó sì ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ àìtó ṣúgà fúnra rẹ̀ ń fa gìrì. Ìfẹ́ ló mú wọn lò ó, mi ò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹ sá lọ.

Kí ni ọtí ń ṣe fún wọn?

Ọtí ń ran GABA-A àti rìsẹ́pítọ̀ glycine lọ́wọ́, ó sì ń dí àwọn rìsẹ́pítọ̀ amúniṣiṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń mu ún lámujù fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ rẹ̀ á dín agbára ìjánu tirẹ̀ kù láti fi wá ọgbọ́n sí i. Bí ó bá wá dáwọ́ dúró lójijì, ọtí ti lọ, ìjánu kò sì tíì padà: ara á máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè máa rí ohun tí kò sí. Bákan náà ló rí fún ẹni tó ti lo benzodiazepine pẹ́. Ẹ má ṣe já ìkankan nínú méjèèjì sílẹ̀ lójijì láìsí dókítà.

Kí ló kan oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ara glutamate, tó jẹ́ ońjíṣẹ́ amúniṣiṣẹ́, ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe GABA, purotéènì GAD ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. GAD kò lè ṣiṣẹ́ láìsí fítámì B6. Isoniazid, tó wà lára oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń dín B6 kù. Bí ẹnì kan, pàápàá ọmọdé, bá gbé púpọ̀ mì, GABA á gbẹ nínú ọpọlọ, gìrì á sì bẹ̀rẹ̀, diazepam nìkan kì í sì í ràn án dáadáa nítorí GABA tí ì bá lò kò sí. B6 gan-an ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn náà bí dókítà ṣe kọ ọ́ kò ní láti bẹ̀rù. Ẹ kàn gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó.

Ṣé àwọn kẹ́míkà oko àti oògùn aràn náà ń kan rìsẹ́pítọ̀ wọ̀nyí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà sì sún mọ́ wa. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà mọ Gamalin 20 dáadáa, àwọn kan tilẹ̀ dà á sódò láti fi pa ẹja. Lindane ni èròjà rẹ̀. Ó máa ń dí ihò kilóráìdì GABA lára kòkòrò, ó ń dí tiwa náà, nítorí wọ́n jọra. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fara kó o fi ń ní gìrì. Ní 2009, wọ́n fi lindane kún àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn kẹ́míkà olóró, fòfin dè.

Ivermectin, tí wọ́n ń pín ní abúlé nítorí àrùn ìfọ́jú etí odò, ń ṣe òdìkejì. Ó ń ṣí ihò kilóráìdì kan lára aràn tó jẹ́ ìbátan àwọn tiwa, kò sì ní jẹ́ kó tì, aràn á sì rọ. Ó lè kan GABA-A ènìyàn pẹ̀lú bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n purotéènì kan wà lẹ́nu ibodè ọpọlọ tó ń lé e padà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ajá collie kan tí wọ́n bí láìní purotéènì yìí máa ń dá kú bí wọ́n bá fún wọn ní ivermectin púpọ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ ìlera fi ọ̀pá wọn gíga yín kó tó fún yín ni kí ẹ lò.

Gabapentin ńkọ́? Ṣé kò lè dára kí n ra GABA oníhóró mu kí n lè sùn?

Orúkọ oògùn gabapentin jọ GABA, ìrísí rẹ̀ náà sì jọ ọ́, àmọ́ kì í wọ ara GABA-A tàbí GABA-B. Ara ihò kálísíọ̀mù, ní ẹ̀ka tí à ń pè ní alpha2-delta, ni ó ń so mọ́. Ní ti GABA oníhóró, ìwọ̀nba bíńtín ni GABA inú ẹ̀jẹ̀ tó lè la ibodè ọpọlọ kọjá. Inú ọpọlọ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe èyí tó ń lò. Bí oorun kì í bá kun yín, dókítà ni kí ẹ lọ rí kí ẹ tó náwó sí i.